Àtàǹpàkò, kọ́mẹ́ǹtì àti iye subscriber: èwo ló ń fa èwo lórí Steam Workshop?

OníléPẹ̀tẹ́ẹ̀sì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Workshop Cities: Skylines (géèmù ìkọ́lé ìlú; Workshop ni ibi tí àwọn òǹṣeré ti ń pín ohun tí wọ́n ṣe fún géèmù lórí Steam) ni ìbéèrè mi dá lé, ti àkọ́kọ́ tó jáde ní 2015, kì í ṣe ìkejì. Ilé ni mò ń ṣe síbẹ̀: ilé alájà méjì olórùlé páànù, ọjà onísọ̀, ibùdókọ̀, irú èyí tí èèyàn máa rí ní Mushin tàbí Ìbàdàn.

Àwọn nọ́ńbà yẹn ló ń rú mi lójú. Ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́: ilé kan ní subscriber 1,800 (àwọn tó tẹ bọ́tìnnì láti gbà á sínú géèmù wọn), àtàǹpàkò tó gbè é (ìbò ìgbéga) ò ju 40 lọ, kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ ò pé 20. Ilé kejì ní subscriber 600 péré, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ lé ní 90, kọ́mẹ́ǹtì sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Èwo ló gbajúmọ̀ nínú méjèèjì? Ṣé ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń dá sí nǹkan ló ń tàn kálẹ̀ ni, àbí ìgbà tó bá tàn kálẹ̀ tán ni wọ́n ń dá sí i? Mo fẹ́ mọ ibi tí ó yẹ kí n da agbára sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí n ṣe ohun tó dára, wọ́n á wá. Ohun tó dára pọ̀ jaburata lójú ewé kẹrìnlélógójì, kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀.

Baba_Asset:

Àbúrò, kọ́kọ́ ya àwọn nọ́ńbà náà sọ́tọ̀, torí pé ẹnu ọ̀nà kan náà kọ́ ni wọ́n ń gbà wọlé. Lójúewé ohun kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ni Steam ń tò sínú tábìlì kékeré: iye èèyàn tó wo ojúewé náà, iye tó ṣì wà lórí subscribe lọ́wọ́lọ́wọ́, àti iye tó fi í sí favorite. Àtàǹpàkò ò sí nínú tábìlì yẹn. Ìràwọ̀ márùn-ún ló ń ṣojú fún un, bí ìbò ò bá sì tíì tó, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tíì tó, ìràwọ̀ ò ní yọjú rárá.

Ohun tó máa ń fún ilé ní subscriber rẹpẹtẹ láìsí ìbò ni collection. Ẹni tó ń kọ́ ìlú fún àwọn òǹwòran lórí YouTube lè kó ohun 300 jọ sínú collection kan ṣoṣo. Àwọn òǹwòran rẹ̀ á tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á wọ kọ̀ǹpútà wọn. Wọn ò rí ojúewé rẹ, wọn ò mọ orúkọ rẹ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dìbò? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún mod (àfikún tí òǹṣeré ṣe fún géèmù) tí àwọn mod mìíràn gbára lé. Harmony wà lára ohun tí subscriber rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú Workshop RimWorld, géèmù mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò fi ohun kankan kún géèmù tí ojú lè rí. Àìmọye mod ni kì í ṣiṣẹ́ láìsí i, òun náà ni wọ́n ṣe ń gbà á.

Nítorí náà, ilé tó ní 1,800 yẹn ti dé ọ̀dọ̀ èèyàn púpọ̀; ilé tó ní 600 ni àwọn èèyàn mọ̀. Ọ̀nà méjì ni òkìkí gbà pín síbẹ̀. Bó o bá fẹ́ mọ èyí tó máa pẹ́, fi iye sílẹ̀, kó o wo ìdá.

Èyí tó ṣe kókó jù ni iye tó kù nínú gbogbo àwọn tó ti subscribe rí. Steam máa fún ọ ní nọ́ńbà méjèèjì nípasẹ̀ API rẹ̀, ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà ń gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ ìkànnì. Fi ìbéèrè POST ránṣẹ́ sí `https://api.steampowered.com/ISteamRemoteStorage/GetPublishedFileDetails/v1/`, kí `itemcount` jẹ́ 1, kí `publishedfileids[0]` sì jẹ́ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn `id=` nínú àdírẹ́sì ojúewé rẹ. Kò béèrè kọ́kọ́rọ́ API. Wàá rí `views`, `subscriptions`, `lifetime_subscriptions`, `favorited` àti `lifetime_favorited` nínú èsì rẹ̀. Ìbò ò sí níbẹ̀. `IPublishedFileService/GetDetails` ni kó o bi nípa ìyẹn, kó o fi `includevotes=true` sí i; ìyẹn ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́, ó sì máa dá `votes_up` àti `votes_down` padà.

Bí lifetime (gbogbo àwọn tó ti subscribe rí) bá jẹ́ 6,000 tí 4,200 sì ṣẹ́kù, 70% ló dúró. Bó bá jẹ́ 1,800 ló ṣẹ́kù, 30% nìyẹn: wọ́n ń gbà á wọlé, wọ́n ń jù ú síta. Èrò ọjà pọ̀ kò ní kí ọjà tà. Tún fi lifetime wé views. Bí lifetime bá ju views lọ, má wádìí jìnnà, collection ló gbé wọn wá. Ìbò ní tirẹ̀, iye tó wo ojúewé ni kó o fi pín in. Àṣìṣe ni kéèyàn fi subscriber pín in, nítorí ohun tí mo ti sọ lókè.

Ní ti Cities: Skylines, ohun tó sábà máa ń lé àwọn èèyàn ni ìwúwo. Bí o kò bá fi LOD (ẹ̀dà ilé tó fúyẹ́, tí géèmù ń fi hàn láti ọ̀nà jíjìn) tìrẹ sí i, géèmù á dá ti ara rẹ̀ ṣe, èyí tó bá sì dá ṣe máa ń burẹ́wà, ó tún máa ń wúwo. Fi `ile_lod.fbx` àti `ile_lod_d.png` sínú fódà kan náà pẹ̀lú `ile.fbx` àti `ile_d.png` kó o tó gbé e wọ Asset Editor, ibi tí wọ́n ti ń ṣe asset (ilé àti ohun mìíràn) fún géèmù náà. Àwòrán ara ògiri: píksẹ́lì 512 tàbí 1024 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó fún ilé alájà méjì. Bó o bá fi 2048 sí ilé kékeré, ẹni tó ní asset ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà oní-RAM 16GB á yọ tìrẹ kúrò lọ́jọ́ tó bá ń wá àyè, kò sì ní kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ fún ọ.

Ayọ̀_SKSE:

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Ibi tí mo ti fẹ́ fi díẹ̀ kún un ni kọ́mẹ́ǹtì, torí pé òun gan-an ni àwọn èèyàn ń ṣì kà jù.

Iye kọ́mẹ́ǹtì máa ń gòkè bí òkìkí bá gòkè, ó sì tún máa ń gòkè bí nǹkan bá bàjẹ́. Kọ́mẹ́ǹtì 200 lè jẹ́ èèyàn 200 tó ń béèrè pé kí ló dé tí géèmù wọn ò ṣí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí géèmù Skyrim Special Edition ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2021: ìmúdójúìwọ̀n Anniversary Edition gbé géèmù náà kúrò ní 1.5.97 bọ́ sí 1.6, gbogbo mod oní-DLL (fáìlì kóòdù) tó dúró lórí SKSE, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí mod wọnú kóòdù géèmù náà, sì dákú lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kóòdù mod wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n abẹ́ wọn kún fún ẹ̀sùn. Ẹni tó bá fi kọ́mẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ yẹn díwọ̀n bí mod ṣe dára tó, Bethesda tó ṣe géèmù náà ló díwọ̀n. Ilé kì í sábà bàjẹ́ báyẹn, ti OníléPẹ̀tẹ́ẹ̀sì yóò fúyẹ́ díẹ̀. Àwọn mod oní-kóòdù ni kí wọ́n máa kọ ọjọ́ ìmúdójúìwọ̀n géèmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà wọn.

Pín kọ́mẹ́ǹtì sí mẹ́rin bó o bá ń kà á: ìyìn, ìbéèrè, àbùkù, ẹ̀bẹ̀ fún ohun tuntun. Ìyìn ò ní nǹkan tó o lè fi ṣe ju kó dùn mọ́ ọ. Ìbéèrè tó bá wáyé lẹ́ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé àpèjúwe rẹ ò kún tó. Dáhùn rẹ̀ nínú àpèjúwe, má dáhùn rẹ̀ nísàlẹ̀ nìkan. Ẹ̀bẹ̀ ni kó o ṣọ́ra fún, torí pé ẹni mẹ́ta tó ń pariwo lè mú ọ fi oṣù kan ṣe ohun tí àwọn 597 tó kù ò fẹ́. Àbùkù ni kó o máa kà: iye àbùkù nínú subscriber tuntun 1,000. Bí nọ́ńbà yẹn bá gòkè, ìdá tí ẹ̀gbọ́n Baba_Asset sọ yẹn máa já wálẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣí discussion kan fún àbùkù nìkan, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè. Sọ ohun tó o fẹ́ kí wọ́n kọ: ẹ̀yà géèmù, DLC (àfikún tí wọ́n ń tà fún géèmù) tí wọ́n ní, mod tí wọ́n ń lò, àti `output_log.txt` (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú géèmù) tó wà nínú fódà `Cities_Data` lórí Windows. Láìsí èyí, "kò ṣiṣẹ́" nìkan lo máa rí kà. Má pa kọ́mẹ́ǹtì àbùkù rẹ́. Èyí tó dé kẹ́yìn ló ń wà lókè, òun lẹni tó ń ṣiyèméjì máa kọ́kọ́ kà. Bó bá rí ẹ̀sùn tí ìdáhùn "mo ti tún un ṣe, ẹ wo change notes" tẹ̀lé, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ ju bí kò bá rí ẹ̀sùn kankan lọ.

Nexus Mods, ìkànnì mìíràn tí wọ́n ti ń pín mod, ń gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yẹ kẹ́ni tó ń ṣe méjèèjì mọ̀ ọ́n. Kò sí àtàǹpàkò ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Endorse (bọ́tìnnì ìfọwọ́sí) nìkan ló wà, o sì gbọ́dọ̀ ti gba fáìlì náà, kí ìṣẹ́jú 15 kọjá, kó o tó lè tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn lé àwọn tó ń dìbò láìwò dànù, ṣùgbọ́n ó tún mú kí ọ̀pọ̀ gbàgbé láti padà wá. Torí náà, má ṣe gbé ìdá endorse ti Nexus kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá àtàǹpàkò ti Steam. Ojú òṣùwọ̀n wọn ò jọra.

Oníṣirò:

Lórí èwo ló ń fa èwo: àwọn méjèèjì ń fa ara wọn, ṣùgbọ́n agbára wọn ò dọ́gba, àkókò ló sì ń pinnu rẹ̀.

Ìdánwò méjì ló yẹ kí ẹni tó ń gbé nǹkan síta mọ̀. Salganik, Dodds àti Watts ṣe ọ̀kan, ó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2006. Wọ́n fi orin 48 tí kò sẹ́ni tó mọ̀ síwájú èèyàn 14,341. Àwọn kan rí iye tí wọ́n ti gba orin kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ò rí i. Àwọn tó rí i tún pín sí ayé mẹ́jọ tí kò mọ ara wọn. Níbi tí iye ti hàn, ààlà láàárín olókìkí àti aláìlókìkí fẹ̀ sí i, orin tó sì gbégbá orókè ní ayé kan lè má gbé e ní òmíràn. Orin tó dára gan-an kì í sábà ṣubú, èyí tó burú gan-an kì í sábà yege, ṣùgbọ́n ibikíbi ni àwọn tó wà láàárín lè já sí. Ilé rẹ, ilé mi, àárín yẹn ni púpọ̀ nínú wa wà.

Èkejì jẹ́ ti Muchnik, Aral àti Taylor, ní 2013, nínú Science kan náà: kọ́mẹ́ǹtì 101,281 lórí ìkànnì ìròyìn kan. Wọ́n fún àwọn kan ní ìbò ìgbéga kan ṣoṣo láìwo ohun tó wà nínú wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ kà á lẹ́yìn náà fi 32% sún mọ́ ìbò ìgbéga ju bó ṣe yẹ lọ, àmì ìkẹyìn wọn sì fi 25% ga ju ti àwọn yòókù lọ. Ìbò ìsàlẹ̀ tí wọ́n fún àwọn mìíràn kò rìn jìnnà, àwọn òǹkàwé ló tún un ṣe. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa: ìbò rere àkọ́kọ́ ń wúwo ju ti ọgọ́rùn-ún lọ, àtàǹpàkò ìsàlẹ̀ kan ò sì tó ohun téèyàn ń torí rẹ̀ pa ojúewé rẹ́ kó tún un gbé sókè.

Bó o bá fẹ́ fi ohun méjì wéra, má fi ìdá ìgbéga lásán wé wọn. Ohun tó gba 10 nínú 10 ò dájú tó èyí tó gba 180 nínú 200. Lo ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ Wilson (ibi tó kéré jù tí ìdá gidi lè wà), tó ti wà láti 1927, pẹ̀lú z = 1.96, ìyẹn ìdánilójú 95%. 10 nínú 10 á fún ọ ní nǹkan bí 72%, 180 nínú 200 á fún ọ ní 85%, 9 nínú 10 sì já sí 60% péré. Èyí kọ́ ni mo ní Steam ń lò o. Ó wà fún kí ìwọ fúnra rẹ má bàa yọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dájú.

Láti mọ èwo ló ń ṣíwájú nínú tìrẹ, máa gba àwọn nọ́ńbà API yẹn sínú spreadsheet ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, wákàtí kan náà, fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Wá iye tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, má lo àpapọ̀: àpapọ̀ ò lè lọ sílẹ̀, ohun méjì tó bá sì ń gòkè ṣáá máa dà bíi pé wọ́n bára wọn tan. Fi ìbò ọ̀sẹ̀ yìí wé subscriber ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó o sì tún fi subscriber ọ̀sẹ̀ yìí wé ìbò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lo ìbáramu Spearman, tó ń wo ipò dípò iye gan-an, torí pé ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọ́ sínú collection ńlá lè gbé gbogbo ìṣirò yòókù mì. Kò sí bọ́tìnnì rẹ̀ nínú Excel tàbí LibreOffice: fi `RANK.AVG` to òpó méjèèjì, kó o lo `CORREL` lórí àwọn ipò náà. Má fi ilé 2016 wé ilé oṣù tó kọjá lórí iye àpapọ̀. Ọjọ́ orí lo máa wọ̀n níbẹ̀.

OníléPẹ̀tẹ́ẹ̀sì:

Ẹ ṣé gan-an ni. Bí ìbò àkọ́kọ́ bá wúwo tó báyìí, ṣé kí n máa bẹ̀ wọ́n fún un ni? Mo rí àwọn tó ń ṣe pàṣípààrọ̀: tẹ tèmi, kí n tẹ tìrẹ.

Ìpele_1-1:

Má ṣe bẹ́ẹ̀. Super Mario Maker ti 2015, géèmù tí òǹṣeré ti ń ṣe ìpele tirẹ̀ fún àwọn yòókù, ti fi bó ṣe ń parí hàn wá. Ìpele mẹ́wàá péré ni Nintendo ń gbà nígbà yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dìgbà tó bá ní ìràwọ̀ 50 láti ọ̀dọ̀ àwọn òǹṣeré kí wọ́n tó fi mẹ́wàá kún un. Kí ló tẹ̀lé e? Àwọn èèyàn ń ta ìràwọ̀ fún ìràwọ̀, ìpele tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣeré tán ń kó ìràwọ̀ jọ. Nígbà tí ìkejì dé ní 2019, iye ìpele kò so mọ́ ìràwọ̀ mọ́, wọ́n sì fi àmì "kò dáa" ti àmì "ó dáa". Pàṣípààrọ̀ ń fún ọ ní ìbò láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò fi ilé rẹ sínú ìlú wọn. Ìràwọ̀ rẹ á yọ, ìdá àwọn tó dúró ò ní yí padà, ìwọ fúnra rẹ ò sì ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ohun tó tọ́ láti bẹ̀bẹ̀ fún ni ọ̀rọ̀ kan pàtó. Gbólóhùn kan lópin àpèjúwe: "Ṣé páànù náà mọ́lẹ̀ jù lóru?" máa ń mú ìdáhùn wá ju "ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìbò" lọ, ẹni tó bá sì ti dá ọ lóhùn ti wà lójúewé rẹ, àtàǹpàkò ò jìnnà sí i.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó o tọ́jú bí ẹyin. Workshop máa ń fi ohun tó gbajúmọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan han ẹni tó bá wọlé, kó tó kan oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ọdún kan. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó bẹ̀rẹ̀, rí i pé o ti fara mọ́ àdéhùn Workshop, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tó o gbé sókè á wà ní ìpamọ́, ìwọ nìkan ló máa rí i. Àwòrán ojú rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 1 MB lọ. Ya ilé náà nínú ìlú, ní ọ̀sán, kí ọ̀nà àti èèyàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Tò gbogbo ohun tó gbára lé sí Required Items, títí kan DLC. Má gbé ilé mẹ́jọ sókè nírọ̀lẹ́ kan: nínú àtòjọ ohun tuntun, ìkẹjọ á ti ìkíní wọlẹ̀ kẹ́nì kankan tó rí i. Ilé méjì lọ́sẹ̀, kó o sì kó gbogbo wọn sínú collection tìrẹ, kí ẹni tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù.

Ayọ̀_SKSE:

Mo gbà pẹ̀lú ohun gbogbo àfi ilé méjì lọ́sẹ̀. Ọjà onísọ̀ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ rẹ̀ ò wúlò fún ẹni tó ń kọ́ àdúgbò. Bí àwọn ilé bá jẹ́ ẹ̀yà kan náà, kó wọn wá lẹ́ẹ̀kan náà, kó o fi collection ṣáájú bí ojúewé àkọ́kọ́ tó o máa pín káàkiri.

OníléPẹ̀tẹ́ẹ̀sì:

Mo ti lóye rẹ̀. Ó ku ọ̀kan: bí mo bá fi LOD tuntun sí ilé tó ti wà níbẹ̀, ṣé kí n gbé e sókè bí ohun tuntun, kó lè tún rí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́?

Baba_Asset:

Rárá o. Nọ́ńbà Workshop tuntun á sọ ìbò, kọ́mẹ́ǹtì, favorite àti gbogbo collection tó ti fi ọ́ sínú rẹ̀ nù. Wọ Content Manager nínú géèmù, wá ilé náà nínú ohun tó o ti subscribe sí, kó o tẹ Update dípò Share. Yóò ṣí fódà kan fún ọ, fi fáìlì `.crp` tuntun (èyí tí Asset Editor tọ́jú ilé náà sí) rọ́pò ti àtijọ́ níbẹ̀, kọ ohun tó yí padà sínú change notes, kó o tó fi ránṣẹ́. Orúkọ tó o fún ilé náà nínú Asset Editor gbọ́dọ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Nọ́ńbà Workshop pẹ̀lú orúkọ yẹn ni ìlú tí wọ́n ti tọ́jú fi ń dá a mọ̀. Bí o bá yí orúkọ padà, ilé rẹ máa pòórá nínú ìlú gbogbo àwọn tó ti kọ́ ọ, o sì máa rí kọ́mẹ́ǹtì tó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn.